Èérí ọtí fún ẹran ọ̀sìn l'Àkúrẹ́: tútù àbí gbígbẹ, ti bíà àbí ti wisikí?

Àpò èérí ọtí tí mo kọ́kọ́ rà, orí òṣùwọ̀n ni mo gbé e lọ tààrà lóko wa lọ́nà Ọ̀dà. Kílò 50 ni. Mo dà á sórí tapólì, mo tẹ́ ẹ pẹlẹbẹ, mo ń yí i láàárọ̀, mo ń yí i lọ́sàn-án, fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko nínú oòrùn oṣù kìíní, ìgbà tí ọyẹ́ ń fẹ́ tí ètè ń bó. Nígbà tí mo kó o padà sínú àpò, kò kún dé ìdajì. Kílò 12 ni òṣùwọ̀n pè é. Kílò 38 yòókù, omi ni. Mo ti san owó ọkọ̀ fún omi láti Ìléṣà wá sí Àkúrẹ́, bẹ́ẹ̀ kànga wà lẹ́yìnkùlé mi.

Ìdí nìyẹn tí mi ò fi lè dá àbúrò kan lóhùn kíákíá nígbà tó bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní èérí ọtí pọ́ọ́kú, èwo gan-an ni kí n máa rà?" Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹlẹ́dẹ̀ ní Ìlárá-Mọ̀kín ni. Mo ní kó kọ́kọ́ sọ iye ẹran tó ní fún mi, kó sì sọ ọjọ́ mélòó tí wọ́n máa fi jẹ ohun tó bá rà tán. Ìbéèrè méjì yìí ló ń yan èérí fún èèyàn, iye owó kan ń tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn ni.

Ohun tó ń jẹ́ èérí yìí

Ẹni tó bá ti dúró ti ìyá rẹ̀ nídìí ògì ti mọ̀ ọ́n. Wọ́n á lọ àgbàdo, wọ́n á sẹ́ ẹ, ògì á rọlẹ̀ sísàlẹ̀, èérí á kù sínú asẹ́, ewúrẹ́ á sì ti dúró lẹ́nu ọ̀nà kí wọ́n tó gbọ̀n ọ́n dànù. Bákan náà ni ti àwọn tó ń pọntí. Sítáàṣì inú ọkà ni wọ́n ń wá, òun ni wọ́n ń sọ di ṣúgà, tí ìwúkàrà á sì sọ ṣúgà di ọtí. Purotéènì, epo àti háhá kò bá wọn lọ.

Ní Skọ́tílándì, ọkà bálì tí wọ́n mú hù nìkan ni wọ́n fi ń ṣe wisikí tí wọ́n ń pè ní malt. Wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á da omi gbígbóná lé e, wọ́n á fa omi dídùn rẹ̀ jáde, èyí tó kù ni wọ́n ń pè ní draff. Ẹ kíyè sí i pé ìwúkàrà kò tíì fara kàn án. Omi dídùn yẹn ni wọ́n á da ìwúkàrà sí kó hó, tí wọ́n á wá sè nínú ìkòkò bàbà. Ohun tó bá ṣẹ́kù nísàlẹ̀ ìkòkò àkọ́kọ́ ń jẹ́ pot ale. Wọ́n ń sè é títí á fi ki bí oyin, wọ́n á pò ó mọ́ draff, wọ́n á gbẹ ẹ́ fún màlúù.

Ti Amẹ́ríkà yàtọ̀. Bourbon wọn gbọ́dọ̀ ní àgbàdo tó kéré tán 51% nínú ọkà rẹ̀, wọn kì í sì í sẹ́ ẹ kí wọ́n tó sè é: ọkà àti omi rẹ̀ ló jọ ń hó, wọ́n á jọ sè wọ́n. Ohun tó kù tí wọ́n gbẹ ni DDGS. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá gbé àpò DDGS wá tó ní ti wisikí ni, ẹ rọra gbọ́: èyí tó pọ̀ jù lọ́jà àgbáyé, ilé iṣẹ́ tó ń fi àgbàdo ṣe ẹtánọ́ọ̀lù tí wọ́n ń dà sínú ọkọ̀ ló ti ń wá. Iṣẹ́ kan náà ló ń ṣe fún adìẹ, ẹ má kàn jẹ́ kí orúkọ wisikí gbé owó lé e.

Tiwa níbí, ti bíà ni. Bí wọ́n ṣe ń sẹ́ ti Skọ́tílándì kí ìwúkàrà tó wọ̀ ọ́ ni wọ́n ṣe ń sẹ́ ti ilé ọtí náà, nítorí náà ọmọ ìyá kan ni draff àti èérí bíà. Ìyàtọ̀ wọn ni ọkà. Láti ìgbà tí ìjọba ti ní kí wọ́n má kó mọ́ọ̀tì ọkà bálì wọlé mọ́ ní 1988 ni àwọn apọntí wa ti kọ́ ọkà bàbà àti àgbàdo lò, wọn ò sì fi wọ́n sílẹ̀ tán nígbà tí wọ́n gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí òfin náà. Ìdí nìyí tí àpò kan fi lè pọ́n díẹ̀ tí èkejì á funfun. Ní ti ògógóró tó gbajúmọ̀ ní ìsàlẹ̀ odò lọ́hùn-ún, kò ní èérí rárá, ẹmu ni wọ́n ń sè.

Àwọn tó ń ra àgbò lọ́wọ́ mi fún Iléyá máa ń béèrè bóyá ọtí wà nínú oúnjẹ ẹran wọn. Nínú èyí tí wọ́n sẹ́ kó tó hó, kò sí ọtí nígbà tó kúrò nílé iṣẹ́. Nínú DDGS, iná ti lé e lọ. Èyí tí ẹ bá jẹ́ kó pẹ́ nínú àpò ló ń pọntí fúnra rẹ̀, torí adùn díẹ̀ ṣì kù sí i lára.

Ẹ jẹ́ ká tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn

| | Èérí bíà tútù | Èérí bíà gbígbẹ, BDG | DDGS | Èérí ọtí ọkà àti bùrùkùtù |
|---|---|---|---|---|
| Omi inú rẹ̀ | 75 sí 80% | nǹkan bíi 10% | nǹkan bíi 10% | púpọ̀, ó wà lọ́wọ́ ẹni tó sẹ́ ẹ |
| Purotéènì, bí a bá yọ omi kúrò | 20 sí 28% | 20 sí 28% | 27 sí 30% | kò dúró sójú kan |
| Bó ṣe ń pẹ́ tó | ọjọ́ 2 sí 3 | oṣù díẹ̀ níbi tó gbẹ | oṣù díẹ̀, ṣùgbọ́n epo inú rẹ̀ lè rùn | ọjọ́ 1 sí 2 |
| Ẹni tó bá mu | ẹlẹ́dẹ̀, màlúù | gbogbo ẹran, adìẹ díẹ̀ | adìẹ ẹlẹ́yin, ẹlẹ́dẹ̀ | ewúrẹ́ mélòó kan |

Ẹ má jẹ́ kí 20 sí 28% tútù àti ti gbígbẹ tó dọ́gba tàn yín. Bí a bá yọ omi kúrò ni mo wí. Bí ẹ bá gbé e bó ṣe wà nínú àpò, kílò kan tútù kò ní ju nǹkan bíi gíráàmù 40 sí 70 purotéènì lọ.

Tútù

Ẹran fẹ́ràn rẹ̀ jù. Bí ẹ bá da èyí tó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́ sínú ọpọ́n, igbe àwọn ẹlẹ́dẹ̀ á mú aládùúgbò yọjú. Ó tún ń mú wàrà wá fún màlúù àti fún abo tó ń fọ́mọ lọ́yàn.

Wàhálà rẹ̀ ni pé kò mọ̀ pé oko jìnnà. Ó gbóná, ó kún fún omi, ó ní adùn díẹ̀. Kò sí ohun mìíràn tí èbu ń wá. Lọ́dún kan, ẹni kan tó ń bá àwa àgbẹ̀ kó o wá gba owó àpò 30 lọ́wọ́ mi. Ọkọ̀ bàjẹ́ lọ́nà, ó di alẹ́ ọjọ́ kẹta kí wọ́n tó já a fún mi, iná tọ́ọ̀ṣì ni mo fi gbà á. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ ni mo rí i pé èbu aláwọ̀ osùn ti bo ẹ̀gbẹ́ àpò. Owó ń dùn mí. Mo họ ibi tó bu dànù, mo fi ìyókù bọ́ wọn. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ìgbẹ́ gbuuru ti gbé ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ márùn-ún lọ, ẹni tó tà á fún mi kò sì gbé fóònù mọ́. Èbu tí ojú rí, orí rẹ̀ nìyẹn. Ara rẹ̀ yòókù ti gba inú àpò kan. Láti ìgbà náà, osùn, àwọ̀ ewé tàbí dúdú tí mo bá rí lára èérí, ààtàn ni mo ń dà á sí, n kì í sì í fún ajá.

Ẹ ti ọwọ́ bọ àárín àpò kí ẹ tó sanwó. Èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé jáde á gbóná káàkiri, òórùn rẹ̀ á dà bí ti ọtí mọ́ọ̀tì. Èyí tó ti pẹ́ á tutù létí, á sì máa jó ọwọ́ láàárín bí ààtàn. Èyí ti ń jẹrà. Kíkan díẹ̀ bíi ti omidùn ògì kò burú.

Bí ẹ bá ní ju ohun tí ẹran lè jẹ ní ọjọ́ mẹ́ta lọ, ẹ wá dúrọ́ọ̀mù onírọ́bà tó mọ́. Ẹ da èérí sí i díẹ̀díẹ̀, ẹ máa fi ẹsẹ̀ tó mọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ bí ìgbà tí a ń gún amọ̀, kí afẹ́fẹ́ jáde. Bó bá rọ̀ jù, ẹ da èèpo gbágùúdá gbígbẹ tí ẹ lọ̀ mọ́ ọn kó fa omi rẹ̀. Ẹ fi náílọ́ọ̀nù tó nípọn bò ó, ẹ gbé iyanrìn lé e lórí. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, á kan, á sì pẹ́ fún oṣù díẹ̀ bí ẹ kò bá ṣí i. Gbàrà tí ẹ bá ṣí i, ẹ máa bù ú lójoojúmọ́ láti òkè, kí ẹ sì dé e padà. Dúrọ́ọ̀mù oní lítà 200 máa ń gba àpò mẹ́ta lọ́dọ̀ mi.

Gbígbẹ

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Àpò tútù mẹ́rin ló wà nínú àpò gbígbẹ kan tó wọn bákan náà. Ká sọ pé wọ́n ń ta àpò gbígbẹ ní 12,000 náírà lẹ́nu ọ̀nà yín: bí àpò tútù pẹ̀lú owó ọkọ̀ bá ti kọjá 3,000, gbígbẹ ló rọ̀ yín lọ́rùn. Ẹ ṣe ìṣirò yìí lójoojúmọ́ tí ẹ bá ń rà, torí owó epo ọkọ̀ kì í dúró. Mo ti rí ẹni tó ń fi ẹnu ṣe é ní Ọjà Ọba pé tútù ló pọ́ọ́kú, kò ka owó alábàárù mọ́ ọn.

Ẹ fẹ́ gbẹ ẹ́ fúnra yín? Oṣù kọkànlá sí oṣù kẹta ni. Láàárín oṣù kẹfà àti ìkeje, òjò Àkúrẹ́ kò ní jẹ́ kí tapólì yín gbẹ, á bu lórí ibẹ̀. Èyí tí wọ́n sá sórí ọ̀dà títì ń kó òkúta àti ìgbẹ́ ẹran. Wọ́n tún máa ń dà á pọ̀ mọ́ iyanrìn kó lè wúwo, bẹ́ẹ̀ sì ni pẹ̀lú bí igi ṣe pọ̀ tó ní ìpínlẹ̀ Òǹdó, ẹlòmíràn á lọ bu ìyẹ̀fun igi ní ibi tí wọ́n ti ń la pákó. Ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ méjì sínú bákẹ́ẹ̀tì omi, ẹ rò ó: iyanrìn á lọ sísàlẹ̀. Igi kò ní rì, nítorí náà imú ni ẹ máa fi mọ̀ ọ́n. Ọkà ń ta sánsán, igi tútù ń rùn bí igi. Èyí tó ti ṣú, tó ń ta bí ohun tó jóná, iná ti pa purotéènì rẹ̀, ẹran kò ní rí i lò.

Fún adìẹ ẹlẹ́yin, ẹ má kọjá 10% nínú fíìdì, torí háhá inú rẹ̀ pọ̀, agbára rẹ̀ kéré sí ti àgbàdo. Ọmọ bróílà kéékèèké kò nílò rẹ̀ rárá. Ẹlẹ́dẹ̀ tó ń dàgbà lè gba 20%, abo tó lóyún lè gba ìlọ́po méjì bẹ́ẹ̀, ó tiẹ̀ ń jẹ́ kó yó kó má baà sanra jù.

DDGS

Mo gbà fún un lórí adìẹ. Sítáàṣì tó ti kúrò lára ọkà jẹ́ kí àwọn nǹkan yòókù ki ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ta: purotéènì àgbàdo tó jẹ́ 8 tàbí 9% á di nǹkan bí 27 sí 30%. Àwọ̀ àgbàdo tún wà nínú rẹ̀ tó ń jẹ́ kí pupa ẹyin pọ́n, àwọn tó ń ra ẹyin ní Ìjàpọ̀ kò sì fẹ́ràn pupa ẹyin tó funfun. Ẹ wá èyí tó ní àwọ̀ wúrà. Èyí tó dúdú bíi kọfí ti rí iná jù.

Ìlọ́po mẹ́ta yẹn ló tún jẹ́ ewu rẹ̀. Bí àgbàdo tí wọ́n lò bá ti ní májèlé èbu, bí aflatoxin, ó di mẹ́ta nínú DDGS, sísè kò sì pa á. Lysine inú rẹ̀, ìyẹn ẹ̀yà purotéènì kan tí adìẹ fi ń dàgbà, kéré, kò ju 0.8% lọ, nígbà tí ti èérí sóyà wà ní nǹkan bí 2.8%, ẹni tó bá fi DDGS rọ́pò sóyà pátápátá á máa wo adìẹ rẹ̀ tí kò dàgbà. Owó rẹ̀ sì ń tẹ̀ lé dọ́là. Fún ẹni tó ní adìẹ 100, mi ò rí ìdí rẹ̀.

Èérí ọtí ọkà

Àwọn màmá tó ń pọntí ọkà àti bùrùkùtù ní Sábó máa ń da tiwọn lójoojúmọ́. Ẹ gbé bákẹ́ẹ̀tì tiyín lọ, ẹ kí wọn dáadáa, ẹ ra nǹkan díẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Kò tó fún ẹlẹ́dẹ̀ 20 láéláé, àmọ́ fún ewúrẹ́ marùn-ún lẹ́yìnkùlé, kò sí èyí tó rọrùn tó o. Ọkà bàbà pupa ní ohun kíkorò tó ń di purotéènì mú, ewúrẹ́ á fara dà á, ọmọ adìẹ kò ní fara dà á.

Àgùntàn, ẹ dúró ná

Bàbà tí mo mẹ́nu kàn lórí ìkòkò wisikí, bàbà onírin ni, kì í ṣe ọkà bàbà. Díẹ̀ rẹ̀ ń wọ inú pot ale, àgùntàn ni kò sì lè gbà á: ó ń kó jọ sínú ẹ̀dọ̀ rẹ̀ láìsí àmì, títí ọjọ́ kan á fi ṣubú lu ilẹ̀ tí ìtọ̀ rẹ̀ pọ́n bí ẹ̀jẹ̀. Àwọn ará Skọ́tílándì kì í fi pot ale ṣeré níwájú àgùntàn. Ẹ ò ní rí pot ale l'Àkúrẹ́, ṣùgbọ́n ohun méjì mìíràn wà níbí tó ní bàbà: àpòpọ̀ fítámì tí wọ́n ṣe fún ẹlẹ́dẹ̀, àti PKC tó ṣẹ́kù nígbà tí wọ́n bá fún àdín kúrò lára ẹ̀kùrọ́. Ní Màlésíà tí PKC ti pọ̀, ó ti pa àgùntàn. Ẹ má fi PKC nìkan bọ́ wọn.

Àgbò àti òbúkọ tún ní wàhálà tiwọn. Èérí ọtí ní fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì púpọ̀, kálísíọ́ọ̀mù rẹ̀ kò tó nǹkan, èyí ń bí òkúta sí ojú ìtọ̀. Àgbò á máa fún ara rẹ̀, ìtọ̀ kò ní jáde, Iléyá á sì ku ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ da ìkarahun lílọ̀ sí i, kí kálísíọ́ọ̀mù tó ìlọ́po méjì fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì, kí omi mímu má sì wọ́n wọn.

Ẹran tí ẹ bá fi èérí nìkan bọ́, kò ní pẹ́ ṣàìsàn. Ní New York ní àárín ọgọ́rùn-ún ọdún 19, wọ́n so màlúù mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ọtí, èérí gbígbóná ni wọ́n ń jẹ láàárọ̀ lálẹ́, wàrà wọn sì ń pa ọmọdé. Ní 1858 ni ìwé ìròyìn kan tú àṣírí rẹ̀, ariwo sọ.

Ohun tó ti wà lẹ́nu ọ̀nà

Èèpo gbágùúdá: purotéènì rẹ̀ kò ju nǹkan bíi 5% lọ, ṣùgbọ́n agbára wà nínú rẹ̀, òun ló sì bá èérí mu, torí ohun tí ọ̀kan kò ní lèkejì ní. Èyí tó tutù ní májèlé. Ní Ìbàdàn, àwọn olùwádìí ILRI, ilé iṣẹ́ ìwádìí ẹran ọ̀sìn ti àgbáyé, ti ṣàlàyé ọ̀nà kan: kí a rin èèpo, kí a fún omi rẹ̀, kí a sá a. Tọ́ọ̀nù mẹ́ta tútù ń di tọ́ọ̀nù kan gbígbẹ láàárín ọjọ́ kan. PKC dára fún màlúù. Èèpo kòkó, tí ìpínlẹ̀ wa kún fún, mi ò fún adìẹ, nǹkan inú rẹ̀ kan ń pa wọ́n lára.

Bí mo ṣe máa yàn án

Ẹlẹ́dẹ̀ 20 sókè, tí ilé ọtí kò ju ìrìn wákàtí méjì lọ: tútù, kí ẹ ní dúrọ́ọ̀mù. Adìẹ ẹlẹ́yin: gbígbẹ tí kò kọjá 10%, DDGS bí adìẹ yín bá pọ̀ tó 500. Ewúrẹ́ lẹ́yìnkùlé: ẹ lọ Sábó. Àgùntàn: gbígbẹ díẹ̀ pẹ̀lú èèpo gbágùúdá, àti ìkarahun. Ehoro kò ní bá yín jà lórí gbígbẹ.

Àbúrò Ìlárá náà ní ẹlẹ́dẹ̀ mẹ́jọ. Kílò méjì tútù fún ọ̀kọ̀ọ̀kan lójúmọ́ jẹ́ kílò 16, àpò kan á sì pé ọjọ́ mẹ́ta, gẹ́lẹ́ bí ìgbà tó ń bàjẹ́. Mo ní kó má dá ra ẹ̀kún ọkọ̀ kan, kó bá wa pín. Ó mú àpò 12. Lálẹ́ ọjọ́ kejì ó pè mí: "Ẹ̀gbọ́n, dúrọ́ọ̀mù mẹ́ta ti kún dẹ́nu, mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi àpò kan bọ́ wọn, àpò méjì ṣì wà nílẹ̀. Báwo ni kí n ti ṣe é?" Mo bi í bóyá oòrùn ń ràn lọ́dọ̀ wọn. Ó ní ó ń ràn dáadáa. Mo ní kó lọ tọrọ tapólì.